Wọ́n Ní Hàlímọ̀tù Tẹríba ní Kullu

Inú bọ́ọ̀sì P12 ni Hàlímọ̀tù wà, tó ń bọ̀ láti Nunhead, nígbà tó gbọ́ ohùn ọmọ bíbí inú rẹ̀ lórí fóònù, tó ń bá a tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.

"Ẹ̀yin òbí wa nínú ẹ̀sìn, ẹ jọ̀ọ́," ni Nasrullah wí lórí WhatsApp ẹgbẹ́ Mùsùlùmí wọn. "Mo mọ̀ pé fọ́tò yẹn dun gbogbo yín. Mummy mi ti ń dàgbà, wọn ò rò ó jinlẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n bá rìn ló mú wọn débẹ̀. A máa bá wọn sọ̀rọ̀ nílé, inshallah. Kí Ọlọ́hun forí jì wọ́n."

Ó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá etí òun ló ṣì í gbọ́. Kò ṣì í gbọ́. Ó gbá fóònù mọ́ itan ara rẹ̀ débi pé obìnrin òyìnbó tó jókòó tì í sún díẹ̀. Mummy mi ti ń dàgbà! Òun tí odidi wọ́ọ̀dù ti wà lábẹ́ rẹ̀ rí ní ọsibítù ńlá tó wà ní Camberwell, tí àwọn dókítà ọ̀dọ́ máa ń tún ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì wọn ṣe kí wọ́n tó kọjá níwájú rẹ̀! Òun tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ fi jẹ Ìyá Àdínì láìsí ẹni tó bá a du oyè náà!

Bọ́ọ̀sì dé Peckham, ó dúró ní ibi tó yẹ kó ti sọ̀kalẹ̀. Kò sọ̀kalẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí, ìyẹn Àsúmáù, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní Surrey Quays. Bọ́ọ̀sì yìí náà ló ń lọ síbẹ̀. Ó jókòó pa.

Kí a tó bá a dé Surrey Quays, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí fọ́tò náà ti wá.

Hàlímọ̀tù ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Kamla. Nọ́ọ̀sì lòun náà, Nunhead ló ń gbé, ẹ̀sìn Híńdù ló ń ṣe. Wọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ títí irun àwọn méjèèjì fi funfun. Bí wọ́n bá jókòó jẹun, Kamla a máa sọ̀rọ̀ ìlú tí wọ́n ti bí i, ní àfonífojì Kullu, lábẹ́ àwọn òkè Hìmàláyà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń gbin ápù. Á ní, "Tá a bá fẹ̀yìntì, màá mú ẹ lọ." Hàlímọ̀tù á rẹ́rìn-ín, á ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòrónà pa ọkọ Hàlímọ̀tù, tí àwọn méjèèjì sì fẹ̀yìntì lóòótọ́, ó rí i pé bí èèyàn bá ń sún ayọ̀ síwájú, ikú lè pàdé rẹ̀ lọ́nà. Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n lọ.

Ìlú Chandigarh ni wọ́n ti gba ọkọ̀. Suresh ni awakọ̀ wọn ń jẹ́, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń fọwọ́ kan dáṣíbọ́ọ̀dù, tí á sì fi kan àyà, kó tó wọ kọ́nà. Hàlímọ̀tù kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà sára àpáta, tí òkè dúró gbagidi lápá kan, tí ọ̀gbun là sílẹ̀ lápá kejì, tí lọ́rì tó kún fún ápù sì ń fun fèrè bọ̀ wá pàdé wọn, òun náà di ìjókòó mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Áyátúlì Kúrísì, ẹsẹ Kùránì tí wọ́n fi ń wá ààbò. Kamla wò ó, ó ní, "Má fi Suresh ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ o." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Odò Beas ń bá wọn lọ nísàlẹ̀, ó funfun bí omidùn, ariwo rẹ̀ kò dákẹ́. Oko ápù gun ẹ̀gbẹ́ òkè lọ bí àtẹ̀gùn. Nígbà tí wọ́n kọjá ìlú Manali, wọ́n dé pápá koríko kan tó tẹ́jú lọ láàárín òkè, koríko rẹ̀ kúrú, ó rọ̀, òdòdó wẹ́wẹ́ sì fọ́n ká inú rẹ̀. Àwọn darandaran da àgùntàn wọn síbẹ̀. Lókè pátápátá, yìnyín ń kọ mànà lójú oòrùn. Hàlímọ̀tù bọ́ bàtà rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ti fi rin ilẹ̀ wọ́ọ̀dù láti ìgbà èwe, ó gbé e lé koríko tútù yẹn, ó ní "Subuhánallahi," ó sì bú sẹ́kún. Kamla yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn.

Ilé òrìṣà kò wọ́n lójú ọ̀nà náà. Òmíràn ò ju búkà lọ, òmíràn sì ga, wọ́n fi igi kọ́ ọ láàárín àwọn igi gíga tó ṣókùnkùn, wọ́n gbẹ́ ẹranko àti èèyàn sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí Kamla bá fẹ́ wọlé, á bọ́ bàtà, á gbé báàgì rẹ̀ fún Hàlímọ̀tù, Hàlímọ̀tù á sì jókòó lórí pèpéle níta dè é, á máa wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn agbẹ́gi. Bí ìrun bá tó, Kamla á wá ibi tó mọ́ fún un, á dúró kí ajá má baà kọjá níwájú rẹ̀. Kamla kò sọ fún un rí pé kó wọlé. Òun náà kò sọ fún Kamla rí pé kó má wọlé.

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ ni òjò ká wọn mọ́. Òjò náà le débi pé ẹ̀gbẹ́ òkè ya lulẹ̀ níwájú wọn, amọ̀ àti òkúta sì dí ọ̀nà pa. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn nínú òjò lọ sí abúlé kan tó wà nítòsí, níbi tí ilé òrìṣà ti ní yàrá fún àwọn arìnrìn-àjò. Nígbà tí wọ́n fi máa débẹ̀, eyín ń lu ara wọn lẹ́nu Hàlímọ̀tù. Ìyàwó ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀, ìyá arúgbó kúkúrú kan, kígbe nígbà tó rí i. Ó sáré wọlé, ó gbé ìborùn onírun àgùntàn tó hun fúnra rẹ̀ jáde, ó sì na apá láti fi bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó èjìká Hàlímọ̀tù. Hàlímọ̀tù tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀ fún un kó lè fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ibẹ̀ ni Kamla ti yà wọ́n ní fọ́tò. Ẹnu ọ̀nà ibi tí òrìṣà wọn wà ló wà lẹ́yìn ìyá náà, ojú òrìṣà náà tí wọ́n fi fàdákà ṣe sì ń dán nínú òkùnkùn.

Ohun tó wà nínú fọ́tò náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá yẹn kan náà ló gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ kí àlejò rẹ̀ lè rí ibi kírun.

Nígbà tí Àsúmáù ṣílẹ̀kùn ní Surrey Quays, tó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n Ìyá Yusrah nínú ẹgbẹ́ wa nìkan ni mo fi ránṣẹ́ sí, òun ló gbé e kiri. Mo ní kó bá mi wo bí shawl yẹn ṣe yẹ yín ni."

"Kí lo kọ sí abẹ́ ẹ̀?"

"Eré ni mo ń ṣe."

"Àsúmáù, kí lo kọ sí abẹ́ ẹ̀?"

Àsúmáù wo ilẹ̀. "Mo ní, ẹ wá wo Ìyá Àdínì wa níwájú òrìṣà. Mo fi ẹ̀rín sí i."

"O fi ẹ̀rín sí i."

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó!" Àsúmáù gbé ohùn sókè lójijì. "Láti ìgbà wo ni mo ti ń sọ pé ká jọ rìnrìn àjò? Ẹ ní ẹsẹ̀ ń dùn yín. Kamla pè yín, ẹsẹ̀ ò dùn yín mọ́. Kamla lónìí, Kamla lọ́la. Ṣé òun lẹ jọ mu ọmú ìyá kan náà ni?"

Hàlímọ̀tù wò ó títí. Ọ̀rọ̀ tó wá sí i lẹ́nu pọ̀, èyí tó kúrú jù ló sọ. "Bí ó bá jẹ́ pé ìlara ló ń ṣe ẹ́, ò bá sọ fún mi. Ẹnu mi lò bá ti gbọ́ pé mo fẹ́ràn ẹ. Ní báyìí, wá ẹlòmíràn pè ní ẹ̀gbọ́n." Ó yí padà, kò gba tíì, kò gba omi.

Nígbà tó délé, Nasrullah ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó sì tẹ̀ lé e wọlé. Olórí ìdílé ni báyìí, ó ní ìyàwó, ó bímọ, òun ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní kéú lọ́jọ́ Sátidé.

"Mummy, please, ẹ fara balẹ̀. Mo kàn ń try láti protect yín ni. Wọ́n fẹ́ gba oyè yín. Alhaji Làtíìfù ti pe meeting ní Sunday. Ẹ kàn dìde, ẹ ní ẹ̀ẹ̀ tẹríba fún nǹkan kan, ìyá yẹn ló kúrú. It's one sentence. Gbogbo ẹ̀ á parí."

"Mi ò ní sọ ọ́."

"Kí ló dé? Òótọ́ ni now!"

"Torí pé òótọ́ ni, ṣe ni wọ́n ì bá bi mí kí wọ́n tó dá mi lẹ́jọ́. Ìwọ náà ì bá bi mí. O mọ nọ́ńbà mi."

Nasrullah nu ojú rẹ̀. "Okay. Okay. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ Aunty Kamla níbẹ̀. Àwọn èèyàn ò ní understand. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn dín nílé wa fún ìgbà díẹ̀."

Hàlímọ̀tù yíjú sí i. "Ìwọ?" ló wí. "Nínú gbogbo èèyàn, ìwọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀?"

Nasrullah kò lè wò ó lójú, torí ó mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ. Nígbà kòrónà, nígbà tí bàbá rẹ̀ ń kú lọ ní ọsibítù, wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni wọlé lọ wò ó. Hàlímọ̀tù fúnra rẹ̀ wà lórí ibùsùn nílé, àrùn náà ti mú òun náà. Kamla ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé fóònù sí etí ọkùnrin náà kí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lè ka kálímà fún un, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ tí Mùsùlùmí ń fẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lẹ́nu òun, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún un ní atẹ́gùn kò jẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan. Ni Kamla bá ní, "Ẹ kọ́ mi. Èmi á bá yín sọ ọ́ sí i létí." Hàlímọ̀tù ń ké e pẹ̀lú ikọ́, Kamla ń tún un pè lẹ́yìn rẹ̀: Lá iláha illallahu. Nígbà tó mọ̀ ọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú gbogbo aṣọ ìdáàbòbò yẹn, ó fẹnu kan etí ọkùnrin náà, ó ń sọ ọ́, ó ń sọ ọ́, títí ètè ọkùnrin náà fi mì tó sì bá a sọ ọ́. Nasrullah wà lórí ìlà. Ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òun ló sọ lọ́jọ́ náà pé, "Aunty Kamla, mi ò ní gbàgbé."

"Jáde nílé mi," ni Hàlímọ̀tù wí.

"Mummy—"

"Mo ní kó o jáde. Ó di Sunday."

Gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ máa ń háyà nítòsí Old Kent Road kún lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ wàásù lọ. Àwọn obìnrin jókòó lápá kan, àwọn ọkùnrin lápá kejì. Àsúmáù wà lẹ́yìn pátápátá. Nasrullah wà níwájú, láàárín àwọn olùkọ́ kéú. Hàlímọ̀tù wọlé pẹ̀lú ìborùn ìyá arúgbó yẹn lọ́rùn. Kò sẹ́ni tí kò rí i.

Alhaji Làtíìfù, alága ẹgbẹ́, fi ohùn tútù bẹ̀rẹ̀. "Alhaja, ìyá wa lẹ jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ẹ kàn ṣe túúbá níwájú gbogbo wa, ká ṣe àdúrà, ká jẹun."

"Túúbá kí ni?"

"Ẹ̀ẹ̀ rí fọ́tò ni? Orí yín wà nílẹ̀ níwájú ère."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí fọ́tò, ta ló bi mí nínú yín? Fọ́tò yẹn ti yí Peckham po, ó dé Camberwell, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi n'Íbàdàn. Kò sí ọ̀kan nínú yín tó kan ilẹ̀kùn mi pé, Hàlímọ̀tù, kí lo lọ ṣe?"

Hamid, akọ̀wé ẹgbẹ́, ta sí i. "Alhaja, èèyàn kì í bá abọ̀rìṣà rìn kí òórùn ẹ̀ má mọ́ ọn lára. Obìnrin yẹn ló kó bá yín. Ẹ yọwọ́ lọ́rọ̀ ẹ̀."

Hàlímọ̀tù tún ìborùn ọrùn rẹ̀ ṣe. Ó dìde. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pariwo, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá gbọ́ ọ.

"Ẹ bi mí nípa òórùn. Ọkọ mi tẹ́ ẹ ń pè ní Bàbá Àdínì, tẹ́ ẹ ṣe fídáù fún lórí fóònù, ṣé ẹ mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà tó ń kú? Ẹ̀rù ń bá gbogbo ayé láti fọwọ́ kan an. Kamla fọwọ́ kan an. Kamla ló kọ́ kálímà lẹ́nu mi lórí fóònù, tó pè é sí i létí títí ó fi bá a pè é. Abọ̀rìṣà yín! Òun ló jẹ́ kí ọkọ mi bá kálímà lọ. Ẹ wá sọ fún mi pé kí n yọwọ́ lọ́rọ̀ ẹ̀."

Ariwo sọ. Àwọn obìnrin ń sunkún, àwọn ọkùnrin kan ń mi orí. Hamid na ọwọ́ sókè. "Ẹ má jẹ́ kí ìyá yìí fi ẹkún gbé wa lọ! Èyí burú ju fọ́tò lọ. Kèfèrí pe kálímà sétí Mùsùlùmí? Ta ni ẹlẹ́rìí? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi gba ara wọn sílẹ̀?"

Hàlímọ̀tù kọ ẹ̀yìn sí i. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Nasrullah. Wọ́n ń wá ẹlẹ́rìí."

Nasrullah jókòó síbẹ̀. Alhaji Làtíìfù wò ó, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ wò ó. Ó dorí kodò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà láàárín orúnkún. Ó pẹ́ débi pé Hamid bú sẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ẹ rí i bí?"

Ẹ̀rín yẹn ló gbé Nasrullah dìde.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Mo wà lórí phone. Mo gbọ́ Aunty Kamla. Mo gbọ́ Daddy mi náà. Èmi ló parọ́. Mo sọ fún yín pé ẹni tí Mummy bá rìn ló kó bá wọn. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì sọ ọ́, nítorí pé ojú yín ń tì mí. Nǹkan tí mo sọ, mo kó o jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá tún pe obìnrin yẹn ní òórùn níwájú mi, ìjà ni."

Ó jókòó. Alhaji Làtíìfù gbé ọwọ́ sókè. Ó ní ó dáa, ọ̀rọ̀ ti yé wọn báyìí, kí Alhaja ṣáà fi gbólóhùn kan ṣoṣo bẹ àwọn tí ọkàn wọn bàjẹ́, kó máa bá oyè rẹ̀ lọ.

"Ọkàn tèmi náà bàjẹ́, Alhaji," ni Hàlímọ̀tù dáhùn. "Ta ló máa bẹ̀ mí?"

Ó wo ojú wọn ká, láti iwájú dé ẹ̀yìn.

"Ẹ gba oyè yín."

Ó gba àárín wọn jáde. Àwọn obìnrin mélòó kan dìde tẹ̀ lé e. Àsúmáù dìde lẹ́yìn, ó tún jókòó.

Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n ní kí Nasrullah lọ sinmi díẹ̀ lórí kíláàsì kéú. Ó wá sọ fún ìyá rẹ̀, bóyá ó rò pé á káàánú òun. Hàlímọ̀tù bu oúnjẹ fún un, ó ní, "O ti lọ sí Nunhead?" Nasrullah ní òun rò pé kí àwọn jọ lọ. "Ẹnu mi kọ́ lo fi sọ ọ́. Ẹsẹ̀ ẹ ni kó gbé ẹ lọ."

Ó lọ. Kamla ṣílẹ̀kùn, kò ní kó wọlé. Àsúmáù ti fi fọ́tò ba ọ̀rọ̀ jẹ́, èyí kò dun Kamla tó bẹ́ẹ̀, torí kò mọ Àsúmáù púpọ̀. Ṣùgbọ́n Nasrullah, Kamla ló máa ń tọ́jú rẹ̀ ní kékeré nígbà tí ìyá rẹ̀ bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó jẹ́ kó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó jẹ́ kó sọ gbogbo ohun tó ní í sọ tán. Ó wá gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú rẹ̀.

"Mo fi ọwọ́ yìí fún ọ lóúnjẹ nígbà tó o wà ní kékeré. Mo fi di bàbá ẹ mú. Fi èyí tó dọ̀tí hàn mí."

Nasrullah kò lè sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta àtẹ̀gùn náà, níwájú àwọn aládùúgbò tó ń kọjá. Kamla kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí èèyàn tó bá dọ̀bálẹ̀, kò sì gbé e dìde. Ó ní, "Mo ṣì ń bínú. Padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó ti ilẹ̀kùn. Nasrullah padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, ó tún padà lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta ló tó wọlé.

Mọ́sálásí kékeré kan lójú ọ̀nà Camberwell ni Hàlímọ̀tù ti ń kírun báyìí. Àwọn ará Sòmálíà ló pọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè é ní ìyá nǹkan kan, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àsúmáù ń pè é lórí fóònù. Hàlímọ̀tù máa ń gbé e, torí ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n. Á ní "Mo ń gbọ́ ẹ," Àsúmáù á sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, á sọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dùn ún. Kò tíì sọ pé kí ẹ̀gbọ́n òun má bínú láìfi "ṣùgbọ́n" sí i. Lọ́jọ́ tó bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Hàlímọ̀tù ní òun á gbọ́. Títí di ìgbà náà, ó ń bínú, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.